Ìrìn Àárọ̀ Láàárín Àdàbà àti Òrofó ní Ọ̀nà Ifẹ̀wàrà

Ní Sátidé kejì oṣù tí ó kọjá, mo san ₦5,000 fún ìrìn àárọ̀ kan ní ẹ̀yìn Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọdẹ àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ti ń mú ènìyàn wọ inú oko kòkó àtijọ́ lọ wo ẹyẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Ìran ẹyẹlé, àdàbà àti òrofó nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, ohun tí ó sì mú mi gbéra láti Iléṣà ní ìdájí nìyẹn. Wọn kò ní pátákó, wọn kò sì ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò gba nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ti bá wọn lọ rí, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí bóyá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń sọ apá tí ó níye lórí jù nínú iṣẹ́ wọn di òfo, n óò sì dé orí rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Mo ti ń sin ẹyẹlé ní ẹ̀yìnkùlé mi láti ọdún 2013, mo sì ń tà wọ́n fún àwọn tí ń ṣílé, àwọn tí ń ṣe ìgbéyàwó, àti àwọn tí babaláwo ní kí wọ́n fi ẹyẹlé rúbọ. Mo mọ ohùn wọn, mo mọ àìsàn wọn, mo sì ti gbà lọ́kàn pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi mọ́ nípa ìran ẹyẹ yìí. Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹyẹ tí ewu ìparun ń lépa, odídẹrẹ́ ni ǹ bá dá, tàbí igún, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́ lójú ọ̀run wa. N kò ní dárúkọ ẹyẹlé láéláé. Ojoojúmọ́ ni a ń rí àdàbà lórí wáyà iná, ta ni yóò wá máa bẹ̀rù pé yóò tán?

A jẹ́ méje tí a pàdé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, a sì fi ọkọ̀ wa sílẹ̀ níwájú ilé ìbátan ọdẹ náà. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a wọ inú oko, mo sì yìn wọ́n fún èyí, nítorí bí oòrùn bá ti gòkè tán, ẹyẹ a dákẹ́, owó ènìyàn a sì wọ igbó. Ọ̀dọ́bìnrin náà, tí gbogbo wa ń pè ní Tísà, sọ fún wa pé kí a má ṣe wọ aṣọ funfun tàbí pupa nígbà mìíràn tí a bá ń bọ̀, kí a pa ohùn fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fọwọ́ kan ìtẹ́. Ọdẹ náà, tí a ń pè ní Bàbá, kò sọ púpọ̀. Ó fi àdá há abíyá, kò mú ìbọn dání. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ó ti jọ̀wọ́ ìbọn, ṣùgbọ́n etí ọdẹ ṣì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo rí etí náà lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó rìn jìnnà. A ń lọ lábẹ́ kòkó, ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ bàtà wa, Bàbá bá dúró, ó gbé ọwọ́ sókè. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ó bu omi, ó fẹ́ èémí sáàárín àtàńpàkò, ohùn kan sì jáde níbẹ̀, ó ń ṣe húù, húù, ó ń yára sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dà bí ìlù tí a ń lù lábẹ́ aṣọ. Ẹyẹ náà dá a lóhùn láti inú igbó tí ó wà lápá òsì wa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó bọ́ sílẹ̀ sórí ọ̀nà, àdàbà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ pupa, tí góńgó ẹnu náà sì pọ́n bí àgbàdo, tí àmì aláwọ̀ aró kan sì ń kọ mọ̀nà lára ìyẹ́ apá rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ọdún 11 ni mo fi ń kọjá lára àdàbà yẹn lójú ọ̀nà oko mi ní Iléṣà tí mo sì ń pè é ní ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ń jẹ ọkà lẹ́yìn ilé. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó gbóná, ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n ti fi hàn wá: àdàbà ńlá olójú pupa tí ó ní òjé dúdú lọ́rùn, àdàbà kékeré tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, èyí tí àyà rẹ̀ funfun báláú tí kì í kúrò lábẹ́ òkùnkùn igbó, àti òrofó.

Òrofó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Igi ọdán ńlá kan wà ní ìpẹ̀kun oko náà, èso rẹ̀ sì ti pọ́n. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni èso tí ń já sórí ewé gbígbẹ, tó, tó, tó, bí ẹni pé òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A gbójú sókè, a kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ewé. Tísà ní kí a má wá ẹyẹ, kí a wá ewé tí ń rìn. Nígbà náà ni ojú mi là. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ara wọn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé igi náà gan-an, itan wọn pọ́n bí ìyeyè, ẹsẹ̀ wọn sì pupa. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ di ẹ̀ka mú, ó dorí kodò bí odídẹrẹ́, ó na ọrùn títí ó fi já èso kan, ó gbé e mì, ó sì tún gbé ara rẹ̀ sókè láìṣí apá. Mo ti ń pa òwe òrofó láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tí a ń fi pòwe.

Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó fa òwe náà yọ, nígbà tí a jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń sá kòkó: ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, òrofó bí ọmọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Tísà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá òrofó wí tẹnu rẹ̀.” Ó wá ṣàlàyé pé òrofó kì í bí mẹ́fà. Ẹyin kan tàbí méjì ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ó rí fún gbogbo ìran ẹyẹlé àti àdàbà ní gbogbo ayé, tí iye ẹ̀yà wọn lé ní 300. Kì í sì ṣe pé wọ́n kàn ń wá oúnjẹ fún ọmọ bí adìẹ ti ń ṣe. Inú àpò ọ̀fun bàbá àti ìyá ni oúnjẹ kan bíi wàrà ti ń jáde, òun ni wọ́n sì ń pọ̀ sẹ́nu ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ nínú àgò ẹyẹlé mi ni èyí, ṣùgbọ́n n kò ronú kàn án rí débi tí ó gbé e dé: bí ọdẹ bá pa ìyá tàbí bàbá lásìkò tí ọmọ wà nínú ìtẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó ti pa ẹ̀mí méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ọta kan, ẹyẹ tí kì í yé ju ẹyin méjì lọ kò sì lè tètè dí àlàfo náà.

Ibẹ̀ ni ó ti wọ ọ̀rọ̀ ẹyẹlé kan tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà rí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Passenger Pigeon. Ẹyẹ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi bílíọ̀nù ka iye rẹ̀. Bí agbo rẹ̀ bá ń kọjá, ojú ọ̀run a ṣókùnkùn. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gé igbó tí ó ń gbé, wọ́n sì ń yìnbọn lù ú níbi tí ó ti ń sàba, wọ́n ń fi rélùwéè kó òkú rẹ̀ lọ sí ọjà àwọn ìlú ńlá. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, Martha ni wọ́n sọ ọ́, kú sínú àgò ní ọgbà ẹranko Cincinnati ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914. Nígbà tí Tísà sọ èyí tán, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èmi ń ro ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ, pé àdàbà pọ̀.

Apá tí ó tẹ̀ lé e nínú iṣẹ́ wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ó gba nǹkan bí wákàtí kan, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná àti móínmóín elẹ́wé tí ó wà nínú owó tí a san. Wọ́n pín ìwé pẹlẹbẹ kan tí a fi ọ̀rá bò fún wa, àwòrán ẹyẹ wà níwájú rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí aráyé kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tí ewu ń lépa sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Wọ́n pẹ́ jù lórí Dódò, ẹyẹ ńlá tí kò lè fò, tí ó tán ní erékùṣù Mauritius ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Òótọ́ ni pé ìran ẹyẹlé ni Dódò, ó sì ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tí ó ti kú kò nílò ìtọ́jú, mo sì rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un.

Ẹyẹlé kejì tí ó wà ní Mauritius kan náà ni ó yẹ kí wọ́n pẹ́ lé lórí, èyí tí ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní nǹkan bí ọdún 1990, bíi 10 péré ni ó kù nínú igbó. Wọ́n ti gé igbó rẹ̀ tán, eku, ológbò àti ọ̀bọ tí àwọn ènìyàn kó wá láti ibòmíràn sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ẹyẹ ní Mauritius àti àwọn ti ọgbà ẹranko Jersey sìn wọ́n nínú àgò, wọ́n ń dá wọn padà sínú igbó díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń dẹ pàkúté fún eku àti ológbò. Lónìí, iye tí ó wà nínú igbó ti ju 300 lọ, ní ọdún 2018 sì ni àjọ IUCN, tí ń to àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun ń lépa ní gbogbo ayé, dín ipò ewu rẹ̀ kù. Ìtàn yìí gbé ìrètí dìde, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ mí lára nínú rẹ̀ ni àrùn tí ó ń pa ọmọ wọn. Tísà ṣàpèjúwe rẹ̀: ohun kan tí ó pọ́n bíi wàràǹkàṣì gbígbẹ a máa hù sínú ọ̀fun ọmọ ẹyẹ títí kò fi ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Mo ní, “Tísà, mo mọ ọ́n.” Mo ti fi ìka ya ẹnu ọmọ ẹyẹlé mi, mo sì ti rí ohun pípọ́n náà pẹ̀lú ojú mi, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 2019 tí mo pàdánù ọmọ mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyẹlé ilé ni ó sábà máa ń gbé àrùn yìí kiri, inú omi àti oúnjẹ tí ẹyẹ jọ ń jẹ ni ó sì ń gbà ran àdàbà igbó. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti gbé agbada omi àwọn ẹyẹlé mi kúrò ní gbangba, níbi tí àdàbà ti máa ń wá bá wọn mu ún ní ọ̀sán, mo sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí owó mi rà ju èyí lọ, èmi kò ráhùn.

Bàbá gba ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ó kan ìwákiri àwọn ẹyẹ tí a kò rí mọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Erékùṣù kan wà ní Papua New Guinea tí ń jẹ́ Fergusson, ẹyẹlé kan sì wà níbẹ̀ tí ń rìn nílẹ̀ bí àparò, tí àwọn onímọ̀ kò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọdún 1882. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi yà á, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àwọn olùwádìí náà fi erékùṣù sílẹ̀. Ta ni ó júwe ibi tí wọn yóò so kámẹ́rà náà mọ́? Ọdẹ ìbílẹ̀ kan tí ó ti ń rí ẹyẹ náà tí ó sì ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ojú Bàbá ń dán bí ó ti ń sọ ọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣèwádìí ni wọ́n ń wọ igbó láìkí ọdẹ, bí wọn kò bá sì rí ẹyẹ, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Bí a bá ń to ohun tí ó yẹ kí ó ṣíwájú nínú ìwádìí lórí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, bíbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń sùn tí wọ́n sì ń jí sínú igbó yẹ kí ó wà lókè, nínú ìwé pẹlẹbẹ náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba ẹ̀bá ilẹ̀ kan kọjá tí wọ́n ti wó gbogbo kòkó rẹ̀, tí wọ́n sì ti dáná sun ún láti gbin ẹ̀gẹ́. Èéfín ṣì ń rú níbi kùkùté kan. Ẹnìkan nínú wa, ìyá àgbàlagbà kan láti Modákẹ́kẹ́, pa òwe pé àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Tísà dúró, ó sì dá ìyá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní ọ̀nà tí n kò lè gbàgbé. Ó ní òótọ́ ni òwe náà fún àdàbà tí ó ní igbó mìíràn tí yóò fò lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ewu ìparun ń lépa, orí erékùṣù ni wọ́n ń gbé, omi ni ó yí wọn ká. Bí iná bá jó níbẹ̀, ibo ni ẹyẹ ń lọ? Ó dárúkọ àdàbà Grenada, tí ó jẹ́ ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà, tí igbó gbígbẹ tí ó ń gbé ń dín kù nítorí ilé kíkọ́, tí ìjì Ivan sì tún fọ́ ọ ní ọdún 2004. Ó dárúkọ àdàbà Socorro ti Mẹ́síkò, tí a rí kẹ́yìn ní erékùṣù rẹ̀ ní ọdún 1972, nítorí pé àgùntàn jẹ ewéko ibẹ̀ run, tí ológbò sì jẹ ẹyẹ. Èyí tí ó kù nínú wọn kù nítorí pé àwọn tí ń sin ẹyẹ ní ilẹ̀ òkèèrè ti ní wọn nínú àgò. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sin ẹyẹlé, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn mi títí a fi dé ìdí ọkọ̀.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nìyí. Àkọ́kọ́, wọ́n fò dá àwọn tí ó súnmọ́ wa. Erékùṣù São Tomé wà nínú òkun tí ó wà ní gúúsù wa. Ẹyẹlé igbó kan àti òrofó kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, àwọn méjèèjì sì wà nínú ewu gidigidi nítorí ìbọn ọdẹ tí ń tà wọ́n. Ìbátan òrofó tí a rí lórí igi ọdán wa ni ọ̀kan nínú wọn. A kò gbọ́ orúkọ wọn títí mo fi béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdàbà ilẹ̀ Yúróòpù, Turtle Dove, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Sàhẹ́lì, títí kan òkè ọya wa níbí, ni ó ti ń sá fún òtútù lọ́dọọdún. Láti nǹkan bí ọdún 1970, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí ó ti lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ti kà á mọ́ àwọn tí ewu wà lórí wọn láti ọdún 2015. Ní ọdún 2021, Faransé àti Sípéènì dá ọdẹ rẹ̀ dúró fún ọdún mélòó kan, iye rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní apá ibẹ̀. Ọwọ́ tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń lo ìdajì ọdún, ó sì ṣe mí ní kàyéfì pé Dódò gba àkókò jù ú lọ.

Èkejì, wọ́n lo ohùn ẹyẹ inú fóònù jù. Nígbà tí àdàbà aláyà funfun kò yọjú, wọ́n fi fóònù ké ohùn rẹ̀ nígbà mẹ́rin ní ibi kan náà. Mo mọ̀ pé ohùn ni ó ran ìwádìí lọ́wọ́ ní Brazil, níbi tí àdàbà kékeré olójú aró kan tí a kò rí láti ọdún 1941 ti tún jáde ní ọdún 2015, nígbà tí onímọ̀ kan gba ohùn kan tí kò mọ̀ sílẹ̀ tí ó sì gbé e fún ẹyẹ náà gbọ́. Ti olùwádìí tí ó wá ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí ti àwa tí a ń wá ní gbogbo Sátidé. Akọ tí ó gbọ́ ohùn àjèjì ní àgbègbè rẹ̀ yóò fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ wá jà, bí ó bá sì jẹ́ pé orí ẹyin ni ó ti dìde, ẹyin yóò tutù. Ọwọ́ Bàbá nìkan tó wọn. Yàtọ̀ sí èyí, awò tí ń fa ohun jíjìnnà súnmọ́ ojú kò ju méjì lọ fún ènìyàn méje, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì fi kọ ìwé pẹlẹbẹ náà, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù, òun sì ni mo sọ pé n óò dé orí rẹ̀. Tísà ń ka ẹyẹ ní gbogbo ìrìn wọn, ó ń kọ ẹ̀yà, iye àti ibi tí wọ́n ti rí wọn. Mo rí ìwé náà: ìwé ìkọ̀wé ilé-ìwé méjì, eruku kòkó wà lára èèpo wọn, ọdún mẹ́ta wà nínú wọn, òjò sì ti fọ ojú-ìwé kan títí yíǹkì rẹ̀ fi ṣàn. Inú àpò rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yìí parí sí. Iṣẹ́ tí ó wà ní iwájú gbogbo iṣẹ́ mìíràn lórí àwọn ẹyẹ yìí gan-an ni, nítorí a kò lè mọ̀ pé ẹyẹ ń dín kù bí a kò bá mọ iye rẹ̀ nígbà tí ó pọ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó rí ẹyẹlé Amẹ́ríkà nì, kò sì sí ẹni tí ó ń kà á dáadáa nígbà tí ó yẹ kí a kà á. Iṣẹ́ kan sì wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 2015 tí ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé ìwádìí ẹyẹ APLORI ní Jos ń tọ́jú. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí àwọn àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 níbùú lóròó. Ẹni tí ó bá lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú àpótí kan, tí ó ń kọ gbogbo ẹ̀yà ẹyẹ tí ó rí tàbí tí ó gbọ́ bí wọ́n ti ń tẹ̀ léra, yóò fi áàpù BirdLasser orí fóònù ránṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta ni ìrìn tiwa gbà kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwọn ẹyẹ yòókù kún èyí tí wọ́n ń kọ, gbogbo Sátidé wọn ni ì bá wọlé. Mo sọ èyí fún Tísà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù òun kò gbé áàpù náà dáadáa, dátà sì wọ́n. Kò bínú, kò sì ṣe àwáwí mìíràn.

Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni mo rò pé ó dára jù láti lọ, nítorí ọ̀nà oko náà máa ń yọ̀ lásìkò òjò, kò sì yẹ kí àgbàlagbà tí eékún ń dùn gùn ún. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ mú omi tiyín dání. Ọmọ tí ó bá ti tó ọdún mẹ́wàá lè bá wọn lọ. Ọ̀kan wà láàárín wa, òun ni ó sì kọ́kọ́ rí òrofó kẹta. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ₦5,000 wọ́n jù fún wíwo àdàbà. Mo bi í léèrè iye tí ó ń san láti wo bọ́ọ̀lù.

Mo ti san owó Sátidé mẹ́ta mìíràn sílẹ̀. Àbúrò mi, tí fóònù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò bá mi lọ, Tísà sì ti gbà kí ó jókòó ti òun láti máa da ohun tí ó wà nínú ìwé méjèèjì kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí òjò má baà fọ ojú-ìwé mìíràn. Ti ọjọ́ tí mo lọ ti wà nílẹ̀: òrofó 9, àdàbà olójú pupa 14, àdàbà kékeré 6, aláyà funfun 2, ohùn ọ̀kan nínú wọn nìkan ni a gbọ́, a kò rí i.